Ta Ló Yẹ Kó Wà Nínú Library of America? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Bí ẹ bá wọ ilé ìkàwé ńlá ní Amẹ́ríkà, ẹ ó rí wọn: ìwé eléèpo dúdú tò lọ bẹẹrẹ lórí pẹpẹ, ìlà tín-ín-rín pupa, funfun àti búlúù gba ara èèpo kọ̀ọ̀kan kọjá. Library of America nìyẹn. Kì í pẹ́ tí ẹni tó bá rí wọn fi máa ń béèrè pé ta ló yan àwọn orúkọ wọ̀nyí, àti pé kí ló dé tí lágbájá kò sí níbẹ̀. Àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù la kó jọ síbí.

Kí ni Library of America gan-an?

Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé tí kò dúró lórí èrè ni. Ọdún 1979 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìwé àkọ́kọ́ sì jáde ní 1982. Edmund Wilson, lámèyítọ́ lítíréṣọ̀, ló ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́ pé ó yẹ kí Amẹ́ríkà ní irú ohun tí àwọn Faransé ní láti 1931, ìyẹn Bibliothèque de la Pléiade, níbi tí iṣẹ́ àgbà òǹkọ̀wé kan yóò ti wà pọ̀ nínú ìwé kékeré tó ṣeé gbé lọ́wọ́. Ní 1968, ó kọ àròkọ gbígbóná kan tó fi bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wí, pé wọ́n ti fi àlàyé òun àkíyèsí kún ìwé àwọn òǹkọ̀wé débi pé ẹni tó fẹ́ kàn jókòó kàwé kò rí ọ̀nà. Wilson kú ní 1972, ojú rẹ̀ kò tó ìmúṣẹ. Owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ National Endowment for the Humanities àti Ford Foundation. Melville, Hawthorne, Whitman àti Harriet Beecher Stowe ló ṣíwájú. Lónìí, ìdìpọ̀ náà ti lé ní 300.

Báwo ni ìdìpọ̀ kan ṣe rí, kí ló sì kàn wá nínú ìyẹn?

Ó kàn wá gan-an, torí bí ìwé ṣe rí ló ń pinnu ẹni tó lè wọ inú rẹ̀. Bébà wọn fẹ́lẹ́ ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí lẹ́tà ẹ̀yìn hàn síwájú, kò sì ní ásíìdì tí í mú ìwé pọ́n kó sì máa rún. Òwú ni wọ́n fi rán an, nítorí náà bí ẹ bá ṣí i lélẹ̀, á dúró. Okùn rìbọ́ǹnì wà nínú rẹ̀ fún àmì. Ọ̀pọ̀ ìdìpọ̀ wà láàrin 700 sí 1,600 ojú ìwé. Kò sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan yóò ti máa sọ fún yín bí ẹ ṣe máa kà á. Ohun tó wà lẹ́yìn ìwé ni ìtàn ìgbésí ayé òǹkọ̀wé lọ́dọọdún, àlàyé nípa ẹ̀dà tí wọ́n lò, àti àkíyèsí níwọ̀nba.

Àlàyé nípa ẹ̀dà yẹn, tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í ṣí rárá, ni ọkàn ìwé náà.

Òṣùwọ̀n wo ló yẹ ká fi wọn òǹkọ̀wé kan?

Ìbéèrè mẹ́rin ni, bí a sì ṣe tò wọ́n yìí ni wọ́n ṣe wúwo sí. Èkíní: ṣé atẹ̀wé tàbí ọlọ́jà kan ti gé iṣẹ́ rẹ̀ tàbí yí i padà, tó fi jẹ́ pé ohun tí ayé ń kà kọ́ ni ohun tó kọ? Èkejì: ṣé ìwé rẹ̀ ti di àwátì? Ẹ̀kẹta: ṣé iṣẹ́ rẹ̀ tó kún ìdìpọ̀ kan láìfi ìyàngbò kún un? Ẹ̀kẹrin: ṣé àwọn òǹkọ̀wé mìíràn kọ́ iṣẹ́ lára rẹ̀?

Ẹ ó rí i pé “ṣé ó lókìkí?” kò sí níbẹ̀. Ẹni tó lókìkí, ìwé rẹ̀ wà lórí àtẹ káàkiri, kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbà á là. Ẹni tí wọ́n ti fi àdá àti sísọ́ọ̀sì bá ìwé rẹ̀ jà ló nílò rẹ̀.

Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ ẹni tí wọ́n gé ìwé rẹ̀.

Richard Wright ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Native Son fẹ́ jáde ní 1940, Book-of-the-Month Club, ẹgbẹ́ tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sílé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lóṣooṣù, sọ pé àwọn yóò mú un bí wọ́n bá yọ àwọn ibi kan kúrò, pàápàá ohun tí Bigger, olú ẹ̀dá ìtàn náà, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe nínú ilé sinimá. Wright yọ ọ́. Ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tún kó sí irú ọ̀fìn bẹ́ẹ̀: apá kejì, tó sọ nípa Ṣikágò àti ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, ni wọ́n gé dànù, wọ́n sì tẹ apá kìíní nìkan jáde ní 1945 lórúkọ Black Boy. Apá tí wọ́n gé kò di odindi ìwé títí di 1977, nígbà tí Wright ti kú láti 1960. Ní 1991, Library of America gbé ìdìpọ̀ méjì jáde, Arnold Rampersad ṣe olóòtú, wọ́n dá ohun tí wọ́n gé padà sí ààyè rẹ̀, wọ́n sì so apá méjèèjì ìtàn ìgbésí ayé náà pọ̀. Ẹni tó ka Native Son ṣáájú ọdún náà, ẹ̀dà tí wọ́n ti yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀ ló kà, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Zora Neale Hurston ni ìkejì. Ìwé ìgbésí ayé rẹ̀, Dust Tracks on a Road, jáde ní 1942, nígbà tí kò tíì pé ọdún kan tí Japan kọlu Pearl Harbor, tí Amẹ́ríkà sì wọ ogun. Atẹ̀wé rẹ̀ kò fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ tó ń ṣe lámèyítọ́ Amẹ́ríkà lásìkò ogun, nítorí náà wọ́n yọ ọ́. Hurston kú ní Fort Pierce ní Florida ní 1960, wọ́n sin ín sí sàréè tí kò ní àmì, Alice Walker ló lọ fi òkúta sí i ní 1973. Ìdìpọ̀ méjì tí Cheryl A. Wall ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1995, àwọn apá tí wọ́n yọ sì wà nínú rẹ̀. Ọdún 35 lẹ́yìn ikú.

Ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ Hurston tó kan Yorùbá tààrà. Ní 1927 àti 1928 ó lọ bá bàbá àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀ ní Africatown lẹ́bàá Mobile, ní Alabama. Cudjo Lewis ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ṣùgbọ́n Oluale Kossola ni orúkọ tó gbé wá láti ilé. Àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ló kó o lẹ́rú, ọkọ̀ ojú omi Clotilda ló gbé e lọ ní 1860, nígbà tó ti lé ní ọdún 50 tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn tọ ipa ìlú rẹ̀ dé agbègbè Bantè, láàrin àwọn Yorùbá ilẹ̀ Benin òde òní. Hurston kọ ọ̀rọ̀ bàbá náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé Viking ní kó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì tó gún, ó kọ̀, ìwé náà sì wà nínú àpótí láti 1931 títí ó fi jáde lórúkọ Barracoon ní ọdún 2018. Ìyẹn ni pé kò sí nínú ìdìpọ̀ méjèèjì ti 1995. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun ní gbogbo iṣẹ́ Hurston lọ́wọ́ nítorí ìwé dúdú méjèèjì yẹn, ẹ bi í nípa Kossola.

Àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú mìíràn wo ló wà níbẹ̀?

Du Bois wọlé ní 1986, Frederick Douglass ní 1994, James Baldwin ní 1998 (Toni Morrison ló ṣe olóòtú ìdìpọ̀ méjì àkọ́kọ́), Charles Chesnutt ní 2002, James Weldon Johnson ní 2004, Ann Petry ní 2019, Octavia Butler ní 2021. Àwọn ìtàn ẹrú tí àwọn ẹrú fúnra wọn kọ ní ìdìpọ̀ tiwọn láti 2000, ti Olaudah Equiano sì wà lára wọn. Àwọn ìwé ìtàn àròsọ Harlem Renaissance, ìgbà tí iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú gbilẹ̀ ní àdúgbò Harlem ní New York, jáde ní ìdìpọ̀ méjì ní 2011. Ẹ wo àwọn ọdún náà dáadáa: yàtọ̀ sí Du Bois, kò sí ọ̀kan tó ṣáájú 1990 lára àwọn tí a dárúkọ yìí. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn pẹ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà, a kò sì rí ìdí tó fi yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìwé Douglass kò ní ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) kankan tó lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ̀tọ́ àdàkọ kẹ̀? Kí ló kàn án?

Òun ló fa ọ̀pọ̀ àìsí tí àwọn èèyàn ń bínú sí. Hemingway gba ẹ̀bùn Nobel ní 1954, síbẹ̀ kò wọ ọ̀wọ́ ìwé yìí títí di 2020, ọdún 38 lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé àwọn olóòtú kò mọ̀ ọ́n. Ìwé rẹ̀ ṣì ń tà wàràwàrà lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ta ni yóò sì fi ohun tó ń mówó wọlé tọrẹ? Ìdí kan náà ni Fitzgerald ṣe wọlé ní 2000 pẹ̀lú àwọn ìwé 1920 sí 1922 nìkan, tí The Great Gatsby kò sì dé àfi ní 2022.

Ẹ lè ṣe ìṣirò náà fúnra yín. Fún ìwé tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú 1978, tí wọ́n sì sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ dọ̀tun bó ṣe yẹ, ẹ fi 95 kún ọdún tó jáde. Ní ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún tó tẹ̀ lé e, ó di ti gbogbo ayé. Gatsby jáde ní 1925: ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tọ́ àdàkọ ní 2021. The Sun Also Rises ti Hemingway, 1926: ó bọ́ ní 2022. The Sound and the Fury ti Faulkner, 1929: ó bọ́ ní 2025. Ìwé tí wọ́n kọ láti 1978, ikú òǹkọ̀wé ni wọ́n ń kà, wọn á fi 70 ọdún kún un.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣìnà ni pé òfin orílẹ̀-èdè kan kì í ṣe ti òmíràn. Ní Nàìjíríà, 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé ni òfin ń kà. Hemingway kú ní 1961. Ẹni tó bá rò pé òun lè tẹ ìwé rẹ̀ n'Íbàdàn lónìí nítorí pé ó ti bọ́ ní Amẹ́ríkà, kó kọ́kọ́ wá agbẹjọ́rò. Òmíràn tún wà: ìwé àtijọ́ lè ti bọ́, kí àtúnṣe tí olóòtú òde òní ṣe sí i má tíì bọ́.

Emily Dickinson ńkọ́?

Àpẹẹrẹ tó dùn wá jù nìyí. Ó kú ní 1886, ó fi ewì tó sún mọ́ 1,800 sílẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ kò sì pé méjìlá. Àwọn tó kọ́kọ́ kó wọn jọ láti 1890 tún wọn ṣe kí wọ́n lè dùn létí àwọn èèyàn ìgbà náà: wọ́n pa àmì dááṣì rẹ̀ rẹ́, wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n fi àkọlé sí ohun tí kò ní àkọlé. Ọdún 1955 ni Thomas H. Johnson tó tẹ̀ wọ́n bó ṣe kọ wọ́n, R. W. Franklin sì tún un ṣe ní 1998. Yunifásítì Harvard ló ni àwọn ẹ̀dà méjèèjì. Ẹ rí ìdíjú náà: ẹ̀dà tó bàjẹ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó péye wà lábẹ́ àṣẹ. Ohun tí Library of America fi ewì rẹ̀ ṣe ni pé wọ́n fi wọ́n sínú àkójọ ewì ọ̀rúndún 19 tí John Hollander ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1993. Bí ẹ bá ń wá Dickinson, ìdìpọ̀ kejì àkójọ yẹn ni kí ẹ mú.

Ta ni “ará Amẹ́ríkà”?

Alexis de Tocqueville, ọmọ Faransé tó kàn bẹ Amẹ́ríkà wò fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ní 1831 sí 1832, ní ìdìpọ̀ tirẹ̀ láti 2004. Isaac Bashevis Singer ń kọ̀wé ní èdè Yíddish, ó ní ìdìpọ̀ mẹ́ta. Nabokov dé láti Yúróòpù ní 1940, àwọn ìwé ìtàn àròsọ tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ni wọ́n kó sínú ìdìpọ̀ mẹ́ta ní 1996. Èyí tó fi èdè Rọ́ṣíà kọ kò sí níbẹ̀. Henry James ní tirẹ̀ di ọmọ ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1915, òun ló sì gba ààyè jù lórí pẹpẹ: ìdìpọ̀ 16. Nítorí náà ìwé ìrìnnà kọ́ ni wọ́n ń wò. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ìwé náà ti di ara ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń rí ara wọn.

Ṣé òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ ti kú ni?

Rárá. Eudora Welty ló kọ́kọ́ rí tirẹ̀ láàyè, ní 1998. Saul Bellow tẹ̀ lé e ní 2003, Philip Roth ní 2005. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó wà láàyè lè tún kọ̀wé lọ́la, tàbí kó tún èyí tó ti kọ kọ. Ìdìpọ̀ mẹ́wàá ni ti Roth gbà kó tó parí.

Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ti ayé àìrí, ṣé àwọn náà yẹ?

Chandler wọlé ní 1995, Hammett ní 1999, Lovecraft ní 2005, Philip K. Dick ní 2007, Le Guin ní 2016. Nígbà tí Shirley Jackson dé ní 2010, ẹnì kan nínú ìwé ìròyìn Newsweek béèrè bóyá ọ̀wọ́ ìwé náà ti ń tán lọ́wọ́, pé obìnrin tí ayé mọ̀ sí ìtàn kúkúrú kan ṣoṣo. Àṣìṣe ni. Ẹni tó bá ka We Have Always Lived in the Castle kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo wọn, Lovecraft ni ara wa kò tíì gbà tán. Èrò rẹ̀ ti bí ọmọ púpọ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ wúwo bí ẹrù igi tútù.

Àwọn ààrẹ àti ọ̀gágun ńkọ́?

Jefferson, Lincoln, Grant àti Washington wà níbẹ̀. Ìwé ìrántí Grant nìkan ló jẹ́ ohun tí èèyàn lè jókòó kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyókù wà fún ẹni tó ń wá nǹkan kan pàtó.

Mo fẹ́ dábàá òǹkọ̀wé kan. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá iṣẹ́ rẹ̀ tó ìdìpọ̀?

Ẹ to gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún tí wọ́n jáde. Ẹ díye ọ̀rọ̀ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé mẹ́ta tó kún, ẹ wá ìpíndọ́gba, ẹ fi ojú ìwé rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Ojú ìwé kan nínú ọ̀wọ́ yìí ń gba nǹkan bí ọ̀rọ̀ 400, nítorí náà ìwé ìtàn àròsọ tó ní ọ̀rọ̀ 80,000 yóò gba nǹkan bí 200 ojú ìwé. Ẹ yọ bíi 60 sí 100 ojú ìwé sẹ́yìn fún àkíyèsí. Ìwé ìtàn mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò wá kún ìdìpọ̀ kan tó ní 1,000 ojú ìwé.

Iye yẹn ló ń kọ́kọ́ tú àṣírí. Flannery O'Connor kọ ìwé ìtàn àròsọ méjì àti ìtàn kúkúrú 31 kó tó kú ní ẹni ọdún 39, ìdìpọ̀ kan ṣoṣo ti 1988 sì gba ìwé ìtàn àròsọ méjèèjì àti ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìtàn kúkúrú náà, pẹ̀lú àròkọ àti àwọn lẹ́tà rẹ̀ kan. Kò sí ìdìpọ̀ tó tọ́ bí ìyẹn. Ìṣòro wà lọ́dọ̀ ẹni tó kọ ìwé kan tó dára àti mẹ́jọ tí kò dára. Bí ẹ bá kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jọ, èyí tó dára yóò rì. Bí ẹ bá mú ẹyọ kan, ìwé náà kò ní nípọn tó.

Ẹ̀dà wo ni kí wọ́n tẹ̀, bí òǹkọ̀wé bá tún ìwé rẹ̀ kọ?

Iṣẹ́ tó le jù nìyí, kò sì sí ìdáhùn kan ṣoṣo fún un. Whitman tẹ Leaves of Grass ní 1855, ó sì ń fi kún un títí di 1891 sí 1892. Wọ́n tẹ méjèèjì, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin, nínú ìdìpọ̀ kan náà. Douglass kọ ìtàn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀, ó sì dùn láti rí bí ohun tó fi pamọ́ ní 1845, nígbà tó ṣì jẹ́ ẹrú tó sá, ṣe wá hàn gbangba lẹ́yìn tí oko ẹrú ti parí: bó ṣe gba inú ọkọ̀ ojú irin sá lọ, fún àpẹẹrẹ. Ti Faulkner, ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni Noel Polk padà lọ bá, ó sì yọ ohun tí ilé iṣẹ́ atẹ̀wé ti fi ọwọ́ ara wọn kọ sí i.

Ìgbà mìíràn, àkókò ni kì í bára mu. Ìdìpọ̀ Mark Twain tí Huckleberry Finn wà nínú rẹ̀ jáde ní 1982. Ní 1990 ni wọ́n rí ìlàjì ìwé náà tí Twain fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, nínú àjà ilé kan ní Los Angeles.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ yan ẹnì kan péré, ta lẹ máa yàn?

Audre Lorde, akéwì aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Ewì rẹ̀ tí wọ́n kó jọ ní 1997, pẹ̀lú Zami, Sister Outsider àti The Cancer Journals, yóò bọ́ sínú ìdìpọ̀ kan láìsí ìfún. Ó tún nílò àkíyèsí olóòtú gan-an. Nínú The Black Unicorn ti 1978, ó pe Yemọja àti Ẹ̀ṣù sínú ewì, ó fi Seboulisa, abo òrìṣà ti Àbọ̀mẹ́, sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó sì kọ orúkọ Yemọja bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní òkè òkun. Olóòtú tó gbọ́ Yorùbá tó sì mọ Fọn nìkan ló lè sọ fún òǹkàwé ibi tí ìlú kan parí sí, àti ibi tí ìkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni kí n mọ̀ kí n tó rà á?

Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ń tà ní ilé ìtàwé ní èèpo dúdú. Èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń sanwó déédéé máa ń wà nínú àpótí páálí, kò ní èèpo. Ohun tó wà nínú wọn kò yàtọ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta àlòkù fi àpótí páálí gbowó lé e. Ẹ yẹ rìbọ́ǹnì àti ẹ̀yìn ìwé wò. Bí ọ̀rinrin bá ti wọ bébà fẹ́lẹ́ rẹ̀, ojú ìwé á lẹ̀ mọ́ra, á sì ya bí ẹ bá fipá ṣí i. Tuntun sábà ń wà láàrin dọ́là 35 sí 50, kí ẹ tó kà owó ìfiránṣẹ́.

Hurston ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta ìdìpọ̀ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra ti ìtàn àròsọ, wọn á fi èkejì sílẹ̀, èkejì yẹn sì ni Mules and Men àti Dust Tracks tí wọ́n dá padà sípò wà.